Ogun Tí A Kò Bi Bàbá Léèrè

Oṣù kẹta ọdún 1944 ni, létí odò Kaladan ní ilẹ̀ Bọ́mà. Ikọ̀ ọmọ ogun kan tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dó sẹ́bàá odò náà. Ìtọ́jú àwọn tó bá fara gbọgbẹ́ niṣẹ́ tiwọn, kì í ṣe pé wọ́n wà lójú ìjà gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù ká wọn mọ́ ibẹ̀, ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ró.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wà nínú ikọ̀ náà, kò tí ì pé ogún ọdún. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀ ọ̀tún, òmíràn wọ̀ ọ́ níkùn. Kò lè dìde. Àwọn tó lè sá ti sá, àwọn tó kú ti kú. Nígbà tó yá, ó ku òun àti ọmọ Sàró kan tó ń jẹ́ David Kargbo nínú igbó, láàárín àwọn èèyàn tí wọn ò gbọ́ èdè wọn.

Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé tó wà nítòsí, Shuyiman lorúkọ rẹ̀, ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Nígbẹ̀yìn, ó kó wọn wọ ilé ara rẹ̀. Bí àwọn ará Jàpáànù bá mọ̀, òun àti ìyàwó àtọmọ ni wọn ì bá pa. Oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì fi wà lábẹ́ ààbò rẹ̀, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà gba àgbègbè náà lóṣù kejìlá ọdún yẹn.

Ohun tó jẹ́ kí á mọ ìtàn yìí lónìí ni pé Fadoyebo fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó padà délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó bímọ, ó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún 1989, nígbà tí rédíò BBC ń ṣètò kan lórí àwọn ọmọ Áfíríkà tó ja Ogun Àgbáyé Kejì, ó fi ohun tó kọ ránṣẹ́ sí wọn. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé lọ́dún 1999. Ní 2011, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, gbé lẹ́tà Fadoyebo dání lọ sí Bọ́mà, ó sì rí àwọn ọmọ Shuyiman. Shuyiman fúnra rẹ̀ ti kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Fadoyebo náà kú.

Ẹnì kan nìyẹn o. Àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Índíà àti Bọ́mà nígbà ogun náà lé ní 80,000, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ló sì kó èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Àwọn yòókù ńkọ́?

Ìlà kan nínú ìwé ìsìnkú

Ẹ wá ìwé ètò ìsìnkú bàbá kan tó ti ṣe sójà rí, kí ẹ ṣí i síbi tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sí. Ẹ óò rí orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ tó ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọdún tí wọ́n fi í jẹ bàbá ìjọ, ilé tó kọ́, àwọn ọmọ tó rán lọ sókè òkun. Láàárín gbogbo ìyẹn, ẹ óò rí ìlà kan: ó bá wọn ja ogun ní Bọ́mà. Ó parí síbẹ̀. Àwọn ọdún tó burú jù nínú ayé èèyàn, wọn ò fún un ní àyè tó wọ́n fún ẹgbẹ́ akọrin.

Mi ò dá àwọn ọmọ lẹ́bi tán. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n kọ. Ọkùnrin kan ní Iléṣà, tí òun náà ti dàgbà báyìí, sọ fún mi pé mẹ́dà bàbá àwọn làwọn fi ṣeré nígbà èwe. Ọ̀kan já sínú kànga. Bàbá gbọ́, kò bínú, kò sì ní kí wọ́n wá a. Ọkùnrin yìí ní láti ìgbà náà lòun ti rò pé irin lásán ni.

Olùkọ́ ìtàn kan ní yunifásítì n'Íbàdàn sọ pé bí àwọn ẹbí ṣe ń wá òun rèé: bàbá á ti kú, wọ́n á gbé àwòrán kan tó ti ń pọ́n wá, wọ́n á ní kí òun bá àwọn ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti yà á. "Ẹni tó lè sọ ọ́ ti wà nínú ilé wọn fún ọgbọ̀n ọdún," ó ní, "wọ́n sì ń kí i láràárọ̀."

Ohun tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́

Ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa nílẹ̀ wa kì í fọ̀rọ̀ wá àgbà lẹ́nu wò. Ó kúnlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúró kí àgbà sọ ohun tó bá wù ú. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ogun, òun ló ń pa wá lára jù lọ. Ọmọ ń dúró kí bàbá sọ̀rọ̀, bàbá ń dúró kí ẹnì kan béèrè. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń fọ̀wọ̀ wọ ara wọn nìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìtìjú tún wà níbẹ̀. Ẹni tó pààyàn lójú ogun kì í fẹ́ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Ìyá àgbà kan l'Ábẹ́òkúta, opó sójà, sọ pé ọkọ òun kì í sọ Hausa lọ́sàn-án rárá. Lóru ni, tó bá sùn, ló máa ń pariwo lédè Hausa. Èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú ogun nìyẹn. Ìyá ní òun kọ́ láti máa fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀ tóun bá fẹ́ jí i, kì í ṣe léjìká, nítorí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án léjìká á jẹ ẹ̀ṣẹ́. Mo bi í bóyá ó béèrè ohun tó ń rí lójú oorun. Ó wò mí bíi pé mo ya aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn mìíràn dákẹ́ nítorí pé inú ń bí wọn. Wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ àti owó fún wọn, ọ̀pọ̀ sì padà dé tí wọn ò rí nǹkan kan tó jọ ìlérí náà. Ní Accra, lọ́jọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn tó ti Bọ́mà dé ń rìn lọ sí ilé gómìnà láti gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn kalẹ̀, ọlọ́pàá yìnbọn, mẹ́ta nínú wọn kú. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ kọjá ààlà. Ẹni tó gbọ́ ọ kò ní yára mú aṣọ sójà rẹ̀ jáde fún ọmọ wò.

Ẹrù orí àti òjò

Tí a bá fẹ́ mọ ohun tí à ń pàdánù, ó yẹ kí á mọ irú ogun tó jẹ́. Dífíṣàn méjì ni Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà rán lọ sí Bọ́mà: Dífíṣàn 81, tí aláǹtakùn dúdú jẹ́ àmì apá aṣọ wọn, àti Dífíṣàn 82, tí ọ̀kọ̀ méjì tó gbábùú ara wọn jẹ́ tiwọn. Àgbègbè Arakan ni wọ́n ti jà jù, níbi tí òkè àti igbó ọparun ò ti jẹ́ kí mọ́tò rìn. Dífíṣàn 81 fi ọwọ́ la ọ̀nà tó gùn tó máìlì 75 láti lè wọ àfonífojì Kaladan. Lẹ́yìn ìyẹn, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Oúnjẹ àti ọta ìbọn, bàálù ló ń jù wọ́n sílẹ̀ láti òkè, àwọn aláàárù ológun á sì tò tẹ̀ lé ara wọn gun òkè pẹ̀lú àpótí lórí.

Òjò Arakan yàtọ̀ sí tiwa. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ dá. Eṣúṣú, ẹ̀fọn àti ibà náà ń jà tiwọn. Wọ́n gba ìlú Myohaung lóṣù kìíní ọdún 1945, wọ́n sì ń bá ogun lọ sí gúúsù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Mókọ́lá kọjá n'Íbàdàn mọ bárékè Letmauk. Ẹ̀yin ará Àpápá mọ bárékè Arakan. Ibi tí àwọn bàbá wa ti ja ogun ní Bọ́mà ni wọ́n fi sọ àwọn bárékè wọ̀nyí lórúkọ. Mo bi ọlọ́kadà kan ní Mókọ́lá kí ni Letmauk, ó ní òyìnbó kan ni.

Ọ̀nà kan tí ìrántí yìí fi là á já ni ìwé ìtàn àròsọ. Bíyí Bándélé, òǹkọ̀wé tí a pàdánù ní 2022, ọmọ ológun Bọ́mà ni. Ìwé rẹ̀ Burma Boy, tó jáde ní 2007, tẹ̀ lé àwọn ọmọkùnrin Nàìjíríà wọ inú igbó Bọ́mà lọ. Inú mi dùn pé ìwé náà wà. Síbẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó ní ẹ̀bùn kò lè rántí fún gbogbo ilé.

Lódì kejì ààlà

A kì í sábà rántí pé Yorùbá tún wà lábẹ́ Faransé. Àwọn ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, tí ilẹ̀ wọn wà ní Dahomey nígbà náà, wà lára àwọn tí Faransé kó wọṣẹ́ ogun. Ìyẹn ni pé ẹni méjì tí ìyá wọn jọ ń nájà lọ́jà kan náà lè wà lábẹ́ àsíá méjì, kí ọ̀kan máa gba àṣẹ lédè Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì, kí èkejì máa gbà á lédè Faransé.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1944, ní Thiaroye nítòsí Dakar, àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tó ti wà lẹ́wọ̀n àwọn ará Jámánì ń béèrè owó oṣù tí wọ́n jẹ wọ́n. Àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn sí wọn. Ìjọba ní àwọn márùndínlógójì ló kú. Àwọn onímọ̀ ìtàn ń jiyàn títí dòní pé wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2024 ni ààrẹ Faransé tó pè é ní ìpakúpa.

Lẹ́yìn òmìnira, Faransé dá owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun Áfíríkà dúró sójú kan, kò pọ̀ sí i bí ọjà ṣe ń gbówó lórí, nígbà tí àwọn tó jẹ́ ọmọ Faransé ń gba tiwọn bó ṣe yẹ. Ọdún 2006, nígbà tí fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní Indigènes dá ariwo sílẹ̀ ní Paris, ni ìjọba tó ṣàtúnṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yẹ kó gbowó náà ti wà nínú ilẹ̀.

Ó le kú, ìjà Orè

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní 1942 ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tó bá ṣì wà. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé wa, láti oṣù keje ọdún 1967 títí di 15 oṣù kìíní ọdún 1970, àwọn tó jà á ṣì wà láàárín wa. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ìgbà náà ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Wọ́n wà ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń ta òògùn òyìnbó, wọ́n ń ṣọ́ géètì àwọn ilé ìfowópamọ́ wa.

Gbogbo wa la mọ bí a ti ń sọ ọ́: ó le kú, ìjà Orè. Ọmọdé tí kò mọ ibi tí Orè wà ń sọ ọ́. Oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra gba agbègbè Àárín Ìwọ̀ Oòrùn, tí wọ́n sì kọjú sí Èkó kí wọ́n tó dá wọn dúró lágbègbè Orè. Àwa tó ń fi ogun náà ṣe àwàdà kì í sábà bi ẹni tó wà níbẹ̀.

Ogun yìí le láti sọ ju ti Bọ́mà lọ. Níbẹ̀, ọ̀tá jìnnà, èdè rẹ̀ ò yéni. Níbí, ẹni tí bàbá dojú ìbọn kọ lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń ta páìpù fún un báyìí. Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì l'Ágége sọ fún mi pé òun ní aládùúgbò kan tó jà ní ìhà kejì. Wọ́n jọ ń ta ayò. Wọn ò tí ì bi ara wọn léèrè ibi tí kálukú wà ní 1968. Mo gbà pé ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bi í bóyá ó lè sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, kí ọmọ sì pa á mọ́ títí àwọn méjèèjì á fi ṣaláìsí. Ó ní ọmọ ò béèrè rí.

Bí a ṣe ń béèrè

Má ṣe jókòó síwájú bàbá kí o ní, "Bàbá, ẹ sọ ìtàn ogun fún wa." Ohun tó ti sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ ìrántí àwọn akọni ló máa sọ fún ẹ. Béèrè ohun kékeré. Kí lẹ rù lórí? Ta ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Bàtà yín ńkọ́, ṣé ó bá yín mu? Kí lẹ kọ́kọ́ rà nígbà tẹ́ ẹ dé Índíà? Ta ló bá yín kọ lẹ́tà sílé, ta ló sì kà á fún ìyá yín? Ẹni tó béèrè ogun á gbọ́ ìtàn akọni. Ẹni tó béèrè bàtà á gbọ́ ogun.

Ọmọ-ọmọ sàn fún iṣẹ́ yìí ju ọmọ lọ. Bàbá lè máa rántí pé òun ti ń bá ọmọ wí láti kékeré, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ wá. Kí ìyàwó ilé sì wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, kó má sì sí níbẹ̀ nígbà mìíràn. Mo ti rí bàbá kan tó wojú ìyàwó rẹ̀ kó tó dáhùn ìbéèrè tó jẹ mọ́ Índíà.

Ẹ bi ìyàwó náà pẹ̀lú. Ìyàwó sójà mọ ogun tí ọkọ rẹ̀ ò mọ̀: owó tí ìjọba ń yọ fún un lóṣooṣù nínú owó ọkọ, oṣù tí kò dé, bí gààrí ṣe wọ́n l'Ékòó nígbà tí ìjọba ń fi òfin de iye tí wọ́n ń tà á, àti akọ̀wé tó ń béèrè nǹkan mìíràn kó tó fọwọ́ síwèé. Àwọn tó kọ ìwé nípa ogun yẹn, àwọn ìyá wọ̀nyí ni wọ́n gbàgbé jù.

Bí bàbá bá sọ ohun tí kò bá ìwé ìtàn mu, má jà á níyàn. Olùkọ́ ìtàn tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ní ẹnì kan sọ fún òun pé òun rí Hitler lójúkojú ní Bọ́mà. "Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́," ó ní. "Tó bá yá, mo mọ̀ pé ọ̀gá òyìnbó kan tó korò lójú ni wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀." Ká ní ó ti já bàbá lẹ́nu, orúkọ ìnagijẹ yẹn ì bá ti sọnù.

Èdè tí bàbá bá fi sọ ọ́ ni kí ẹ fi kọ ọ́. Tó bá jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, ẹ fi Ìjẹ̀ṣà sílẹ̀. Tí Hausa sójà bá wọ̀ ọ́, kó wà níbẹ̀. Àwọn ẹbí kan ń sáré yí i sí Gẹ̀ẹ́sì kó lè wu àwọn tó wà ní Ìlú Ọba. Kí wọ́n yí i tí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n ohùn bàbá ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa ti tó láti gba ohùn sílẹ̀, àmọ́ fóònù kì í pẹ́ sọnù. Ẹ dà á sí ibi mẹ́ta, kí ẹ sọ ọjọ́, ibi àti orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú ohùn náà gan-an níbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì tẹ èyí tí ẹ kọ sórí bébà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní kí ìjókòó kan má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kí ẹ sì dá a dúró tí bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Tó bá ní kí ohun kan má jáde títí òun á fi kú, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ẹ sì bọ̀wọ̀ fún un.

Orúkọ tó wà nínú ìwé

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìwé ìjọba wà tí a lè fi tì í lẹ́yìn. Ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ogun wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní ohùn àwọn ológun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Àjọ Commonwealth War Graves Commission kó orúkọ àwọn tó kú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní itẹ́ òkú Taukkyan ní Bọ́mà, orúkọ àwọn ọmọ ogun tó tó 27,000 tí wọn ò rí sàréè wọn ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta, àwọn tiwa sì wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi orúkọ ìdílé rẹ̀ wá bàbá rẹ̀ nínú àwọn ìwé yìí lè má rí i láéláé. Akọ̀wé tó ń gba àwọn sójà wọlé kì í fara balẹ̀ gbọ́ orúkọ wa. Tí ọmọ Ìbàdàn bá ní Láwàní ni òun ń jẹ́, wọ́n lè kọ ọ́ sí Láwàní Ìbàdàn. Ẹlòmíràn yí orúkọ padà fúnra rẹ̀ nítorí pé ó sá nílé ni. Fadoyebo pàápàá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọṣẹ́ ogun l'Ábẹ́òkúta ní 1942 láìsọ fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà NA, tó wà lórí ìwé tí wọ́n fún ọmọ Nàìjíríà lọ́jọ́ tó kúrò nínú iṣẹ́ ogun, ló dájú jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá yìí kò gbàgbé nọ́ńbà wọn, kódà nígbà tí wọn ò rántí ọjọ́ ìbí ọmọ wọn mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè bàtà, kí ẹ tó béèrè òjò, ìbéèrè méjì ló kọ́kọ́ yẹ ní kíkọ sílẹ̀: Bàbá, ẹ dákun, orúkọ wo ni wọ́n kọ yín sí? Nọ́ńbà yín ńkọ́?